Ọmọ Tí Ìwé Kò Wọ Orí Rẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà ní Balógun, ní Ìdúmọ̀tà àti ní Òkè Àrín, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tàbí ti sàká. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ni, àwọn tí a ń ta aṣọ tí a sì ń dá èsúsú nítorí wọn.

Láàárín Jímọ́ọ̀ kan sí èkejì, kì í ṣe òbí kan ṣoṣo ló ń tọ̀ mí wá ní Ìsàlẹ̀ Èkó lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ wọn kò yàtọ̀ síra: “Ààfáà, ìwé kò wọ orí ọmọ yìí mọ́. Kì í sùn lóru. Ó ní orí ń gbóná òun. Ẹ bá wa wo ẹni tó ń ṣe é.” Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹni tó ń ṣe é ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ohun tó ń ṣe é. Kí bàbá tó kúrò nílé ló ti mọ ẹni tó fura sí, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni tàbí alájọgbé nínú agbo ilé. Iṣẹ́ tó kù fún mi ni kí n kọ wàláà, kí n fọ̀ ọ́ fún ọmọ mu, kí n sì gba sàráà.

Ẹjọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Raymond Prince ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rojọ́ fún un pé orí ń ta àwọn, pé ojú ń ṣú àwọn bí àwọn bá ṣí ìwé, pé ohun tí àwọn kà kì í dúró. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1960, ó sì lo orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, brain fag, èyíinì ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Àwọn dókítà mìíràn ti bá a jiyàn lẹ́yìn náà, wọ́n ní kì í ṣe àrùn ọ̀tọ̀, pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìfọkànbalẹ̀ tó wà káàkiri ayé ni. Kí àwọn tó mọ̀wé máa jiyàn wọn lọ. Ohun tó kàn mí ni pé ọmọ tí wọ́n fà wá sọ́dọ̀ mi lánàá ń sọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ ti sọ ní Àrò ní ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ṣé ìyàwó àbúrò bàbá kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn?

Ọ̀gá Àrò nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Láti 1954 ló ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí wọn lè máa tọ́jú wọn níbẹ̀, ó sì gba àwọn adáhunṣe láàyè láti bá a ṣiṣẹ́. Ní 1968, dókítà ọpọlọ yìí kan náà ni wọ́n fi jẹ Gíwá Yunifásítì Ìbàdàn. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé wèrè ló wá tọ́jú níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó wà ní ọdún kẹta ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì wa. Ó ti mu omi wàláà lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ sì ti ra ìsọ̀yè fún un. Nígbà tí èmi àti òun nìkan jókòó lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ó ní ó ti tó oṣù méjì tí òun kò ti wọ kíláàsì. Ó máa ń múra láàárọ̀, yóò lọ jókòó sétí ọ̀sà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá rẹ̀ ti ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwé, ojú ìyá yẹn ni kò lè wò. Mo bi í bóyá kò sí ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn nílé-ìwé wọn. Ó ní, “Ó wà, Ààfáà, ṣùgbọ́n àwọn tí orí wọn dàrú ló ń lọ síbẹ̀. Màámi sì ní n kò gbọdọ̀ lọ tú àṣírí ilé wa fún àjèjì.”

Ó lọ nígbẹ̀yìn. Wọn kò fún un ní abẹ́rẹ́, wọn kò dè é mọ́lẹ̀. Obìnrin kan jókòó tì í, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì dákẹ́ kí ó lè dáhùn. Wọ́n jọ wo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n pín in sí ọ̀nà tí apá lè ká. Nígbà tí oorun rẹ̀ kò padà, ó darí rẹ̀ sí dókítà.

Ìbínú ìyá rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú mi. Ó lọ sí ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n sọ ohun tí ọmọ òun sọ fún òun, obìnrin náà sì kọ̀. “Ààfáà, èmi ni mo ń sanwó!” Ìyá mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ẹrù yín sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ yín ní Òkè Àrín kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ dé ibẹ̀ tí ó ti ń tú u han àwọn tó ń kọjá, ṣé ẹ óò tún kó ẹrù síbẹ̀ mọ́? Àmáánà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ síni lọ́wọ́. Ẹ̀sìn wa kò fi àmáánà ṣeré, bí ẹni tó gbà á pamọ́ kò tilẹ̀ kírun. Ibi kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: bí ẹ̀mí ọmọ náà tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, olùdámọ̀ràn gbọ́dọ̀ ké sí àwọn tó lè gbà á là, èmi náà yóò sì ké.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń wàásù pé Mùsùlùmí òdodo kì í rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì máa ń mú Ànábì Yákúbù ṣe àpẹẹrẹ, pé Ọlọ́run nìkan ló rojọ́ fún. Kí wọ́n ka Súrà Yúsúfù tán. Yákúbù sunkún títí ojú rẹ̀ fi di funfun, ànábì Ọlọ́run sì ni. Ó rojọ́ fún Ọlọ́run lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ló ti rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde pé kí wọ́n lọ wádìí Yúsúfù àti àbúrò rẹ̀. Àdúrà àti ìwádìí wà lẹ́nu bàbá kan náà. Àwọn àgbà onímọ̀ wa kò sì ka irú ìtọ́jú yìí sí ti kèfèrí. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní 934, kọ odidi ìwé lórí ìlera ara àti ti ọkàn, ó sì ṣàlàyé pé ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù ní ìtọ́jú bí ibà ṣe ní. Lédè Lárúbáwá ló kọ ọ́.

Èmi ṣì ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, n kò sì ní dáwọ́ dúró. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ààfáà gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, kí ó máa dárúkọ ọ̀tá fún un, nígbà tí ọmọ ń rù sí i. Ní 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan gba ẹ̀mí ara wọn ní ilẹ̀ yìí, gbogbo ìlú sì gbọ́. Òfin pàápàá ti ń yí ojú padà: òfin ìwà ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí adájọ́ rán ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ní oṣù kìíní 2023 sì ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ. Bí adájọ́ bá ti lè sọ pé ilé ìwòsàn ni, kí ló wá mú ààfáà lọ́wọ́ dání?

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn aláṣẹ yunifásítì náà. Ẹ fi àwọn obìnrin sí iṣẹ́ yìí tó, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa kò ní bá ọkùnrin tí wọn kò mọ̀ rí jókòó nínú yàrá tí a tilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má sì gbé ọ́fíìsì náà sí ibi tí gbogbo kíláàsì yóò ti máa wo ẹni tó ń wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó níbí ní 1954, lè máa sin ọmọ tí ẹ̀rù ń bà dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá kan tó ń ta léèsì bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, “Ààfáà, bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọbìnrin mi lọ síbẹ̀, ta ni yóò fẹ́ ẹ?” Mo ní kí ó dárúkọ ọkùnrin kan fún mi tó kọ ìyàwó sílẹ̀ nítorí pé ó lọ yọ eyín ní Jẹ́nẹ́rà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní eyín yàtọ̀ sí orí. Mo ní kí ó lọ bi ọmọ náà léèrè èyí tó ń dùn ún.