Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Gbólóhùn kan ti di orin lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá káàkiri àgbáyé: "Ẹ lé e lọ!" Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ariwo a sọ, orí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ni gbogbo ẹ̀bi máa ń wó lé. Mo ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí, mo sì mọ̀ pé àwa akọ̀ròyìn gan-an la máa ń da epo sí iná náà, nítorí àkọlé tó bá gbóná ló ń tètè tà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ìwà yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Philadelphia Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ẹlẹ́rìí mi.

Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ nílé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú síra wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ní sáà kan, kó tó kan ìpele tí ẹni tó bá pàdánù yóò gba ilé lọ. Nítorí náà, ìpàdánù kan ṣoṣo wúwo níbẹ̀.

Ní sáà ọdún 2023, Eagles borí nínú 10 lára ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11 àkọ́kọ́. Ní oṣù Bélú, wọ́n lọ bá Kansas City Chiefs lórí pápá wọn, wọ́n sì nà wọ́n 21 sí 17. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi 37 sí 34 borí Buffalo Bills. Ta ni kì bá fi wọ́n yangàn?

Àfi bí ìgbà tí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ já sílẹ̀. San Francisco 49ers fi 42 sí 19 nà wọ́n nílé wọn. Dallas Cowboys fi 33 sí 13 kún un. Kódà Arizona Cardinals, tó wà lára àwọn tí kò lágbára jù lọ lọ́dún náà, fi 35 sí 31 borí wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, Tampa Bay Buccaneers fi 32 sí 9 lé wọn sílé. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje tó kẹ́yìn, mẹ́fà ni wọ́n pàdánù. Ohun tó dùn bí oyin ní oṣù Bélú ti korò bí ewúro.

Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn: kí wọ́n lé Nick Sirianni, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ọdún kan tí ọkùnrin yìí kan náà kó wọn dé àṣekágbá, tí Chiefs sì fi 38 sí 35 péré borí wọn.

Ẹ wá wo ohun tí ìwàǹwára ṣe. Nígbà tí nǹkan ń bàjẹ́ lọ ní oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n gba ìdarí àwọn tó ń dáàbò bo ilé lọ́wọ́ Sean Desai, wọ́n gbé e fún Matt Patricia. Lẹ́yìn ìyípadà náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni wọ́n gbá, mẹ́rin ni wọ́n sì pàdánù. Àtúnṣe tí a fi ìbẹ̀rù ṣe kì í tọ́jọ́.

Nígbà tí sáà parí, Jeffrey Lurie, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, kò lé Sirianni. Síbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Wọ́n mú Vic Fangio wá fún ìdáàbòbò, wọ́n mú Kellen Moore wá fún ìkọlù, wọ́n sì gba Saquon Barkley láti ọ̀dọ̀ New York Giants. Ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n tún ṣe. Wọn kò dáná sun gbogbo ilé nítorí eku.

Ní ọdún 2024, Eagles borí nínú méjì, wọ́n pàdánù méjì níbẹ̀rẹ̀. Ariwo tún fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n borí nínú 12 lára 13 tó kù. Barkley gbé bọ́ọ̀lù sáré fún yáàdì 2,005, ohun tí agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ péré ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú líìgì náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé ọdún 2025, ní ìlú New Orleans, wọ́n fi 40 sí 22 na Chiefs, wọ́n gba ife.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé owó ló ṣe é. Òfin líìgì náà ti fi gbèdéke kan náà sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Giants tó jẹ́ kí Barkley lọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n borí nínú 17 lọ́dún yẹn. Làákàyè ló yàtọ̀, kì í ṣe àpò.

N kò sọ pé aláìlẹ́ṣẹ̀ ni Sirianni. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n borí Cleveland Browns, ó kọjú sí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó ń pariwo mọ́ wọn. Ìwà àgbà kọ́ nìyẹn, òun náà sì gbà pé òun ṣe àṣìṣe. Ẹni tó yẹ ká bá wí ni, kì í ṣe ẹni tó yẹ ká lé.

Ọmọ tí a bí ní Èkó náà wà nínú ìtàn yìí: Moro Ojomo. Ìpele keje, tó jẹ́ ìkẹyìn, ni wọ́n ti yàn án ní ọdún 2023. Kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbá bọ́ọ̀lù ní sáà ìtìjú yẹn. Ní sáà kejì, ó wà lára àwọn tó gba ife. Ká ní wọ́n fi ìbínú kó gbogbo wọn dànù ńkọ́?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí àwa òǹkàwé àti àwa òǹkọ̀wé máa wo ohun tó gbé wa ṣubú, kí a tó máa wá ẹni tí a ó lé jáde.