Nígbà tí Aláàbò Bá Di Ọ̀gá

Àwọn ará Ìlọgbò-Èkìtì, Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n kò nílò olùkọ́ láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó mọ bí ìlú ńlá ti ń bá ìlú kékeré lò. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní 1840, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́, kò jìnnà, aláàbò di ọ̀gá. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì, ìyà wọn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí fi dìde ní 1878. Ó di 1886 kí a tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà Kírìjì. Ìlọrin, ọ̀tá àná, ẹ̀yìn Èkìtì ni ó wà nínú ogun náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi apá yìí sílẹ̀ bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lónìí, ipò Ìbàdàn ni Nàìjíríà wà. Òwò ni Ọ̀gágun Gowon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tìtorí rẹ̀ péjọ sí Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975, tí orílẹ̀-èdè 15 fi dá ECOWAS sílẹ̀. Láti 1990 tí àwọn ọmọ ogun wa ti wọ Làìbéríà, ìbọn ti wọ inú òwò. Èyí tí ó ya ni lẹ́nu jù ni ti 1998. Ọ̀gágun Abacha, tí ó fi ipá gba ìjọba, ni ó rán ọmọ ogun lọ dá Ààrẹ Kabbah padà sórí oyè ní Sàró, nígbà tí Olóyè Abíọ́lá, tí a dìbò fún ní 1993, wà ní àtìmọ́lé nílé! A kò sọ pé iṣẹ́ tí a ṣe ní Sàró burú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà pé ìfẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ni ó gbé Abacha dìde?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn ológun lé Ààrẹ Bazoum kúrò ní Niger. Ààrẹ Tinubu kò tí ì lo oṣù kan ní ipò alága ECOWAS tí ẹgbẹ́ náà fi fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan péré. A pa iná mànàmáná wọn, a ti ẹnubodè. Ta ni ìyà jẹ? Kì í ṣe ọ̀gágun tí ó ní ẹ̀rọ amúnáwá lágbàlá. Ìyá aláta ni, àti àwọn oníṣòwò Hausa ní ìhà ìhín àti ní ìhà ọ̀hún, tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Wọ́n ti yíjú sí Rọ́ṣíà. Àwọn náà ń pariwo òmìnira, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ará ìlú wọn dìbò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba, ẹ má bínú sí wa. A kò gbè sẹ́yìn ológun níbikíbi. Ní 2023, Ilé Aṣòfin Àgbà kò fún Ààrẹ ní àṣẹ ogun, a sì bọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan fẹ́ gba ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ogun wa ti dé ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú Ilé. Ìjọba ibẹ̀ ni ó pè wá, òfin sì fi àyè sílẹ̀ fún ewu òjijì. Àyè náà kò gbọdọ̀ di ọ̀nà gbogbo ìgbà. Kí àwọn aṣòfin tí Èkìtì rán lọ sí Abuja béèrè, kí ọkọ̀ náà tó tún gbéra: ta ni ó pè wá, ọjọ́ wo ni a ó sì padà sílé?