Ẹ̀yin Oníkọ̀ǹpútà Ìdànrè, Láísẹ́ǹsì Kì í Ṣe Ẹsẹ̀ Agbóògùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti Odòde dé Àlàdé, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ lónìí, inú mi ò sì dùn.

Kò sí ọmọ Ìdànrè tí kò gbọ́ nípa ẹsẹ̀ Agbóògùn, ipasẹ̀ tó wà lójú òkúta lórí òkè. Àwọn bàbá wa ní, ẹsẹ̀ yòówù kéèyàn ní, kó gùn, kó kúrú, tó bá ti tì í bọ ojú òkúta náà, á bá a mu rẹ́gí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe ń lo fíláṣì yín. Windows kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, òun náà lẹ ń tì bọ kọ̀ǹpútà tíṣà, ti akápò ìjọ, ti ọmọ tó ń múra JAMB. Ẹ kì í béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó kàn ní, "Bàbá, mo máa fọ́ọ̀mátì ẹ̀." Ta ló rán yín?

Ohun tójú wa rí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa àgbẹ̀ kòkó rèé. A ra láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí a ó máa kọ ìwọ̀n kòkó àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí. Ó ń falẹ̀, a sì gbé e fún ọmọkùnrin kan tí mi ò ní dárúkọ, pé kó bá wa fi SSD àti RAM kún un. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí ìyẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tó parí, ó fi Windows 10 Enterprise sí i, ó sì fi crack ṣí i. Windows 10 Pro ni ẹ̀rọ náà gbé wá láti òkè òkun, ojúlówó kíì rẹ̀ sì wà nínú motherboard. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní Enterprise ló ga jù.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, "Activate Windows" yọ sísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì jókòó síbẹ̀. Mo ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Láísẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ ńlá ni crack yẹn ń díbọ́n pé òun jẹ́. Ẹ̀rọ tó bá ń lo irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa padà lọ fojú kan sáfà ilé-iṣẹ́ náà, torí pé ọjọ́ 180 péré ni àṣẹ tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Sáfà wo ló wà lágbo kòkó? Èyí tó dùn mí jù ni pé kó tó fi crack náà síbẹ̀, ó pa antivirus wa. Àlejò wo ló ń ní kí onílé so ajá mọ́lẹ̀ kóun tó wọlé, tí onílé ò ní fura? Àwa ò fura, torí a gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ jókòó, kí n là á yé yín. Nígbà tí àwọn èèyàn wa sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá tẹ̀dó sísàlẹ̀, ààfin àtijọ́ ò bá wọn sọ̀kalẹ̀. Ó wà níbẹ̀ dòní. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó múra láti gun àtẹ̀gùn 682. Oyè ló bá olóyè rìn. Láísẹ́ǹsì OEM, èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ààfin orí òkè ni. Ẹ lè pààrọ̀ SSD, ẹ lè fi RAM kún un, kò ní yẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ motherboard, ó parí. Láísẹ́ǹsì Retail, tí èèyàn fowó ara rẹ̀ rà lọ́tọ̀, oyè ni. Ó lè kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ bọ́ sórí tuntun, àmọ́ orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lè wà lẹ́ẹ̀kan. Ti ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Volume, kì í bá tòkunbọ̀ wá rárá. Púpọ̀ nínú kíì olówó pọ́ọ́kú tí ẹ ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti jí i, ìgbàkígbà sì ni Microsoft lè tì í pa.

Ṣé ó ṣòro láti yẹ̀ ẹ́ wò ni? Ẹ tẹ slmgr /dli, á sọ fún yín bóyá OEM ni, Retail ni, tàbí Volume. Láti ayé Windows 8 ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń fi kíì pamọ́ sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá Home wá, ẹ dá Home padà fún un. Tó bá jẹ́ Pro, ẹ dá Pro padà. Á ṣí ara rẹ̀ tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí crack kankan.

Láti 14 October 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10. Windows 11 ń fẹ́ TPM 2.0, RAM 4GB, àyè 64GB, àti processor tí kò gbó; ti Intel, láti ìran kẹjọ tó jáde ní 2017 ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbà ti bẹ̀rẹ̀. Fún ẹ̀rọ tí kò tó bẹ́ẹ̀, Microsoft ṣí ọ̀nà ààbò kan sílẹ̀ títí di 13 October 2026 fún àwọn onílé bíi tiwa, àmọ́ Home àti Pro ló wà fún, kò sí fún Enterprise. Ẹ rí i báyìí? "Èyí tó ga jù" ló tilẹ̀kùn mọ́ wa níta. Ẹni tó bá sì rò pé ààbò ò ṣe pàtàkì, kó rántí kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry ti May 2017. Oògùn rẹ̀ ti jáde láti oṣù March, àwọn ẹ̀rọ tí kò gbà á ló kó o, títí dé ilé ìwòsàn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì.

Fíláṣì tó dà bí ẹsẹ̀ Agbóògùn wà o, ẹ̀yin lẹ ò wá a. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní Finland ní 1991, láísẹ́ǹsì GPL tó wà lórí rẹ̀ sì fún yín láṣẹ láti dà á kọ, kí ẹ pín in, kí ẹ fi sínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ. Linux Mint ń ṣiṣẹ́ lórí RAM 2GB, LibreOffice inú rẹ̀ sì ń ṣí ìwé Word àti Excel. Kìkì pé kí ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà bóyá ó ní ohun èlò kan tó jẹ́ Windows nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òbí àti akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ẹ ń sọ pé "ṣe èyí tí kò wọ́n", mo gbọ́ yín. Òfin Copyright Act 2022 dáàbò bo iṣẹ́ ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà bí ó ṣe dáàbò bo ti òǹkọ̀wé. Ẹ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká kòkó nínú oko yín lóru.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mò ń gbé láàpútọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ bọ̀ ní Odòde kí wọ́n dá Pro rẹ̀ padà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ bi mí pé, "Bàbá, láísẹ́ǹsì wo ló bá a wá?" ni mo máa gbé e kalẹ̀ sí.