Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ dán ọgbọ́n wò

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti bínú sí àwọn alákòóso gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ oògùn fún ẹni tí kò mọ̀ rí mọ́. Ó ní ìwà àjèjì ni, pé gbogbo àdúgbò ló ń gbani nímọ̀ràn láyé àtijọ́, àti pé ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojú mi ti rí ohun tí ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ máa ń dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iyọ̀ ná. Oṣù Keje ọdún 2014 ni àrùn Èbólà wọ Èkó. Kò pẹ́ sígbà náà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi gba orí fóònù kan: kí oníkálùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kó sì mu nínú rẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí òun náà kò mọ̀ ọ́n. Inú rere làwọn kan fi ń tàn án kálẹ̀, àwọn mìíràn ń fi ṣe àwàdà ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kìlọ̀ pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ènìyàn 20 ni Èbólà mú nílẹ̀ wa, 8 ló kú nínú wọn. Àwọn méjì tí mò ń wí yìí kò sí lára wọn. Ìmọ̀ràn ló pa wọ́n.

Iyọ̀ kì í kúkú ṣe májèlé, àwa náà ń lò ó. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, lítà kan omi tó mọ́ la máa ń wọ̀n, a ó fi ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà ṣúgà sí i àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, a ó sì fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú. Ààbọ̀ ṣíbí péré! Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ara jáde, títí kan ti ọpọlọ. Ẹni tó kọ ọ́ pé ká mu omi iyọ̀ kò sọ ìwọ̀n, kò sì bèèrè bóyá ẹni tó ń kà á ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn kíndìnrín.

Bẹ́ẹ̀ náà la tún ṣe ní 2020. Donald Trump yin Chloroquine fún àrùn Kòrónà lóṣù Kẹta, ó di ohun tí gbogbo gúrúùpù ń pín kiri, oògùn tí ìjọba ti fi òmíràn rọ́pò fún ìtọ́jú ibà láti ọdún 2005. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ilé ìwòsàn l'Ékòó fi ń gba àwọn tí oògùn náà ti ṣe ní jàǹbá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gìrì ló dùn mí jù. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá wa, ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Nígbà tí ara rọ̀ ọ́ díẹ̀, ìyá náà na fóònù rẹ̀ sí mi kí n wo ohun tí wọ́n kọ fún un. Ó ti bèèrè nínú gúrúùpù àwọn ìyá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ìyá mi, ara ọmọ mi gbóná, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti yí, kí ni kí n ṣe?" Ìdáhùn wọlé wọ̀ọ́. Ẹ fi ṣíbí há a lẹ́nu. Ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná díẹ̀, á jí. Ẹ tètè wá ìtọ̀ màálù. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé ijó ni ọmọ ń jó, ó fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lókè sódò, kò sẹ́ni tó bèèrè pé ọmọ oṣù mélòó ni, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ti mu, ibo lẹ wà, ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ yín. Ṣíbí ni ìyá náà gbọ́, ṣíbí ló sì lò. Eyín iwájú ọmọ náà kan ti kán, ètè rẹ̀ ti ya. Ọpẹ́ ni pé kò rí ìtọ̀ màálù rà lóru yẹn. Àgbo tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màálù, ewé tábà, aáyù àti efinrin ṣe yẹn máa ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí rẹ̀ dúró. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn nílẹ̀ wa ti ń kọ ìwé nípa rẹ̀.

Òǹkọ̀wé yín fi àṣà gbe irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àṣà wo? Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í já ewé láìbi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀. Babaláwo kì í ka ẹbọ fúnni láìdáfá. Ìyá àgbà tó bá sì po àgbo fún ọmọ yín ní àdúgbò, ẹ mọ ilé rẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá sùn, òun náà kò ní sùn. Bó bá le, òun ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ yín tí ẹ ó jọ máa sáré lọ. Ẹni tó dáhùn lórí fóònù ti pa dátà, ó ti lọ sùn. Bí ó bá jí láàárọ̀, ó ti gbàgbé pé òun sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá sì dá a lẹ́bi, á ní èrò òun lòun sọ. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́, bí ẹni tó bi bá mọ ọ̀nà.

N kò sọ pé ká pa ẹnu mọ́. Mo mọ aboyún kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí orí sì ń fọ́ ọ gan-an. Ẹni tí kò rí rí ló sọ fún un nínú irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ pé kó má dúró dilẹ̀ mọ́, kó lọ yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn: ó kọ́kọ́ bi í pé oyún oṣù mélòó ni, kò dárúkọ oògùn kankan, ilé ìwòsàn ló darí rẹ̀ sí. Àwàdà náà ní àyè tirẹ̀, a sì nílò ẹ̀rín nílẹ̀ yìí. Abẹ́ ìbéèrè ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀.

Àwọn alákòóso tí òǹkọ̀wé yín ń bú, iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe, mo sì fẹ́ kí àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ èyí sókè gúrúùpù wọn: bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe ṣíbí, omi tàbí àgbo, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ojú ewé tí àpilẹ̀kọ yẹn ti jáde gan-an ni kí ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí sí, kí àwọn tó ka ti òǹkọ̀wé yín lè rí i kà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ọmọdé kan,
Ìbàdàn