BÍ A TILẸ̀ YẸ̀ ÀDÉHÙN, ỌLỌ́RUN KÌ Í YẸ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwa onígbàgbọ́ ni. Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìyẹn ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Agboolé kan náà la jọ ń gbé, ọjà kan náà la jọ ń ná. Àdéhùn tí ènìyàn bá Ọlọ́run ṣe tí kò mú ṣẹ, kò sí ẹ̀sìn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ta gààrí. Ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn. Ó kúnlẹ̀ lóru, ó ń sunkún, ó ní, “Olúwa, bí O bá lè gbà mí lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tún ní fi kóńgò tí mo lu ìdí rẹ̀ wọnú wọn gààrí fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi.” Ọmọ gbádùn. Ìyá dúpẹ́, ó jó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kóńgò onídìí-wíwọ̀ ti padà sórí àtẹ. Ó di oṣù mẹ́ta, ara ọmọ kan náà tún gbóná. Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀. Ó ní, “Ojú wo ni máa fi wo Ọlọ́run? Ó ti mọ̀ mí ní elékèé. Ó ti kọ̀ mí.” Ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń dìde lóru lọ síbi tí wọn kò ní fẹ́ kí pásítọ̀ wọn bá wọn. Kì í ṣe pé wọn ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ o. Ojú ló ń tì wọ́n.

Ìyá wa, ẹ tẹ́tí. Ọlọ́run kò kọ̀ yín. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nínú ìwé kejì tó kọ sí Tímótíù, orí kejì. Kókó ohun tó sọ ni pé bí àwa bá jẹ́ aláìṣòótọ́, ìyẹn kò lè sọ Ọlọ́run di aláìṣòótọ́, torí Ọlọ́run kò lè sẹ́ ara rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe tìtorí pé a dára ló fi ń dúró tì wá? Tìtorí irú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ni. Ẹ̀yin ẹ ṣáà mọ onídùúró. Bí ẹni tó yáwó bá sá lọ, onídùúró kì í sá, torí orúkọ tirẹ̀ ló fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ọlọ́run rí. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi dúró fún wa.

Ẹ wo Peteru. Iṣẹ́ ẹja ló ń ṣe kó tó tẹ̀ lé Jesu, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ. Lóru ọjọ́ tí wọ́n mú ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. Kì í ṣe ọmọ ogun ló kọ́kọ́ yọ idà sí i o. Ìránṣẹ́bìnrin lásán ni! Nígbà tó yá, Peteru padà sídìí àwọ̀n. Ó fi gbogbo òru pẹja, kò rí ẹyọ kan. Àárọ̀ ni Ẹni tó sẹ́ yìí dúró sétí omi, tó ní kí wọ́n da àwọ̀n sápá ọ̀tún ọkọ̀. Ẹja 153 ni wọ́n fà wọlé, àwọ̀n ò sì ya. Nígbà tí wọ́n máa gúnlẹ̀, iná ti ń jó, ẹja ti wà lórí ẹ̀yinná. Jesu ti se oúnjẹ àárọ̀ dè wọ́n.

Ẹ gbọ́ ná. Kò fi ebi jẹ Peteru níyà kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó bá a sọ̀rọ̀ o! Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í bóyá ó fẹ́ràn òun, bí ẹ̀ẹ̀mẹta tí ó sẹ́. Ó dun Peteru. Inú ìbéèrè yẹn náà ló ti gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, pé kó máa bọ́ àwọn àgùntàn òun. Oúnjẹ, ìbéèrè, iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, a ó padà sórí wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ti ayé Bíbélì nìyẹn, tiwa ńkọ́?” Tiwa náà wà, kò sì jìnnà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ojú ọ̀sà yìí ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wá láti Èkó. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọjà tí Ìjẹ̀bú ń tì ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, Ìjẹ̀bú-Òde sì bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Nígbà tí ìbọn ṣí ọ̀nà tán, ojú ọ̀nà yẹn náà ni àwọn oníwàásù gbà wọlé. Inú ọ̀pọ̀ àwọn oníwàásù nígbà náà dùn sí ogun ọ̀hún. Àlùfáà James Johnson, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ní Èkó, ni kò fara mọ́ ọn. Ṣé ọwọ́ onígbàgbọ́ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Kò mọ́. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí ènìyàn fi ń rọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ọlọ́jà ń kọ́ ìwé. Ọlọ́run kò torí pé ọwọ́ ìránṣẹ́ dọ̀tí da oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ nù.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bíbélì Yorùbá tí à ń kà, òun ló ṣíwájú iṣẹ́ náà, odindi rẹ̀ sì parí ní 1884. Kí ni wọ́n fi san án fún un? Nígbà ogbó rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ẹgbẹ́ ìjíhìnrere tirẹ̀ rán wá dojú ìjà kọ ọ́. Wọ́n tú iṣẹ́ rẹ̀ ká ní ojú odò Ọya, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní 1890, bàbá arúgbó kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló jáde láyé, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Onígbàgbọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí onígbàgbọ́ o! Ṣùgbọ́n Bíbélì náà dúró. Ìyá tó ń fọwọ́ tọ lẹ́tà rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn lọ́jà lónìí kò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ ẹni tó ṣe é, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn ń tù ú nínú ni.

Ẹ̀yin ará wa aláṣọ funfun, ẹ má bínú bí a bá dárúkọ yín. Oṣù Kẹfà ọdún 1925 ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Christiana Abíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n, rí ìran níbi ìwọ́de àwọn Àgùdà ní Èkó, tó sì wà láìmọ ibi tó wà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mose Orímọládé, ọmọ Ìkárẹ́, ni wọ́n pè wá gbàdúrà fún un. Ó dìde. Láti inú àdúrà yẹn ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde lọ́dún náà. Ọdún mẹ́rin péré, ní 1929, àwọn méjèèjì ti pínyà. Ta ló jẹ̀bi? Ìyẹn kọ́ ni tiwa. Orímọládé kú ní 1933, ìpínyà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀ka ń yọ láti ara ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ Ọlọ́run dẹ́kun gbígbọ́ àdúrà àwọn tó ń wọ aṣọ funfun torí pé àwọn àgbà jà? Ẹ bi àwọn ìyá tó gbé omi sórí pẹpẹ tí wọ́n sì gbé ọmọ jó lọ sílé. Ní 1986, ètò ìṣọ̀kan wáyé, Ìyá Abíọ́dún ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀. Ó gbé ayé di 1994.

Nítorí náà, ìyá wa tó lu ìdí kóńgò, bí Ọlọ́run bá máa kọ onígbàgbọ́ sílẹ̀ torí pé ó yẹ̀ àdéhùn, kì bá tí sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó ṣẹ́kù láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ó wọ̀ láti sunkún.

Oníbàárà kejì náà ti ń dúró lẹ́yìn, ó ti gbọ́ gbogbo èyí tán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí Ọlọ́run ò bá ní kọ̀ mí, ẹ jẹ́ n máa jẹ ayé mi lọ.” Háà! Pọ́ọ̀lù ti dá irú wọn lóhùn nínú ìwé Róòmù, orí kẹfà, pé ká má rí i. Ẹni tí onídùúró san gbèsè fún, tó tún lọ yáwó tún sá, tó ní onídùúró á ṣáà san án, ẹ sọ fún wa, ṣé onídùúró ló mọ̀ ni àbí àpò onídùúró?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nígbà tí Ọlọ́run ò yẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti 1929 di 1986, ọdún 57. Orímọládé ò sí láyé láti rí ìṣọ̀kan yẹn, àwọn ẹ̀ka kan ò sì bá wọn dà á pọ̀ títí dòní. Ti Crowther ńkọ́? Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2014, tó pé 150 ọdún géérégé tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ni Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, tó bẹ̀bẹ̀ ní gbangba fún ohun tí ìjọ ṣe sí i. Bàbá ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún ọdún 122. Ọlọ́run ò dalẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ru ẹrù ohun tí ènìyàn bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí Jesu fi bi Peteru léèrè lẹ́yìn oúnjẹ. Ìbéèrè náà ń bọ̀ wá kan àwa náà. Ìyá wa, ẹ lọ lu ìdí kóńgò yẹn jáde lọ́la kí ẹ tó pàtẹ. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, ẹ ra òmíràn. Bọ̀dá télọ̀ tó gba owó aṣọ Kérésì lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá, tó ti fi owó náà san owó ilé, ẹ má pa fóònù mọ́ wọn lórí. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, ẹ dá ọjọ́, ẹ pa ọjọ́ náà mọ́. Ẹ̀yin alájọ tẹ́ ẹ ti ná nínú owó olówó, àdúrà kì í san gbèsè àjọ o. Sákéù inú ìwé Lúùkù, orí 19, kò dúró lórí omijé. Ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun máa dá padà fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ọlọ́run lè ti dárí jì yín lánàá, síbẹ̀ owó ìyá alátà ṣì wà lọ́wọ́ yín lónìí.

Ohun kan kù tí a gbọ́dọ̀ sọ. Bí ẹ bá ti ṣubú, bí ẹ ti lọ síbi tí kò yẹ lóru, tí ẹ wá fẹ́ padà, kí ẹnikẹ́ni má ta ọ̀nà ilé Bàbá yín fún yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó wá, kí ẹ ra agbádá aláràbarà ìdúpẹ́, kí Ọlọ́run tó gbà yín, ẹ rọra bi í pé èló ni Peteru san létí omi lọ́jọ́ náà. Peteru ò san kọ́bọ̀. Wọ́n ti se oúnjẹ tirẹ̀ dè é.

Ẹ̀yin tí ojú ń tì láti kúnlẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ má tún ṣe ẹ̀jẹ́ ńlá míràn, ẹ̀jẹ́ tí ẹ ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti tó. Ẹ kàn sọ ibi tí ẹ ti yẹ̀, ẹ dúpẹ́ pé Òun kò yẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá bá mu, tàbí tí ẹ ní àtakò sí i, ojú ìwé lẹ́tà wa ṣí sílẹ̀ fún yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjà á tà, iṣẹ́ á pé, ire o.