Àfidí Ojúrán: Iṣẹ́ Ni Kí Ó Fún Ohun-Èlò Ní Orúkọ

Bí ọ̀rọ̀-ìperí ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ń pọ̀ sí i nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ewu kan ń dàgbà: kí onítumọ̀ máa wo inú ìwé atúmọ̀-èdè nìkan, kí ó má wo ọwọ́ oníṣẹ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “seam sealer”, èyí tí wọ́n ń lò bí wọ́n bá ń tún ara ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ fún àròjinlẹ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn ènìyàn sọ ní Ìjàpá. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Èkó. Ní 2003 ni Ìjàpá tí ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé jáde ní Mẹ́síkò. Èyí tí ó bá ṣì ń rìn lónìí, àtúnṣe ló gbé e dúró. Ní abẹ́ ọkọ̀ yìí, irin pẹlẹbẹ kan gorí èkejì, iná ni wọ́n sì fi jó wọn mọ́ra ní ojú kọ̀ọ̀kan tí ó jìnnà díẹ̀ sí ara wọn, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ télọ̀ ti ń gún aṣọ. Àyè tín-ín-rín wà láàárín ojú kan sí èkejì. Omi a máa fà wọ ibẹ̀, irin a sì máa dípẹtà láti inú. Kí ọ̀dà òde tó wú, irin ti jẹ lábẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a há ìpẹtà dànù títí irin yóò fi mọ́. A fi ọ̀dà àkọ́kùn, tí wọ́n ń pè ní práímà, bo irin. Bí ó bá gbẹ, a tẹ ohun-èlò yìí sí ojú àpapọ̀, a sì fi ìka tàbí búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ. Ìgbà tí èyí náà bá gbẹ ni ọ̀dà tí ó kù tó tẹ̀lé e.

Orúkọ wo ni ó yẹ ẹ́? Ẹni tí ó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé “èdìdì”. Ṣùgbọ́n ohun tí ọba fi ń dì ìwé ni èdìdì. Dì, ohùn ìsàlẹ̀, ló ń bá a rìn. Iṣẹ́ tibí yìí, dí ni, ohùn òkè. “Gọ́ọ̀mù” àti “àtè” kò yẹ, nítorí kì í ṣe òun ló so irin pọ̀. Iná ti ṣe ìyẹn. “Ọ̀dà” ló dí ọkọ̀ Nóà nínú Bíbélì Yorùbá, ṣùgbọ́n lónìí ohun tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. “Bọ́dìfílà” ló burú jù: ó máa ń le gan-an, bí ọkọ̀ bá sì ń mì, yóò sán. Ọmọ-iṣẹ́ tí wọ́n bá fi orúkọ kan kọ́ ní ohun méjì yóò fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Irin ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Àfidí ojúrán ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ mu. Àfikún àti àfihàn ti la ọ̀nà fún àfidí; àwọn aránṣọ sì ti ni ojúrán tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kò ṣe é yọ sílẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo àyè ló yẹ ní dídí. Bóòtù ni wọ́n fi de mọ́gáàdì Ìjàpá, pẹ̀lú okùn rọ́bà láàárín. Wọn kì í fi àfidí sí i. Bí wọ́n bá sì dí ihò tí omi ń gbà jáde, omi yóò há sínú, ọkọ̀ yóò sì jẹrà.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ohun tí ó burú nínú àyálò; bóòtù àti mọ́gáàdì ń ṣiṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àyálò kì í sọ ibi tí ohun-èlò ń lọ fún ọmọ-iṣẹ́. Àfidí ojúrán sọ ọ́. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí kọ́kọ́ dé ìsọ̀ àwọn panẹ́bítà, kí wọ́n tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè.