Ẹ Wo Ibi tí Fídíò Ń Lọ

 Ní ayé ìsinsìnyí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìkómọjáde tàbí ìgbéyàwó tí a ń ṣe ní Diobu tàbí Rumuola tí a kì í ya fídíò rẹ̀, nítorí àwọn òbí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin tí agbára wọn kò gbé ìrìn-àjò mọ́. Nínú fídíò ni wọ́n ti ń bá wa kó ọmọ jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn tí ojú ọmọ rí bí ohun tí a ń wò nínú èéfín, kí ni a rí ṣe?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a wo ibi tí fídíò ń lọ kí a tó yan bí a ó ti mú un jáde.

Bí ó bá jẹ́ YouTube, ẹ yan MP4, pẹ̀lú H.264 fún àwòrán àti AAC fún ohùn. Bí fóònù bá fi àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yà á, 30 náà ni kí ẹ fi mú un jáde. Fún irú fídíò bẹ́ẹ̀, mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni YouTube dámọ̀ràn fún 1080p, àti 5 fún 720p. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: fídíò ìṣẹ́jú 10 yóò jẹ́ bí mẹ́gábáìtì 600 ní ti àkọ́kọ́, àti bí 375 ní ti èkejì. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, kí ó yan 720p. Ojú ọmọ yóò hàn dáadáa lórí fóònù ìyá àgbà.

Bí ó bá jẹ́ WhatsApp, òun fúnra rẹ̀ a máa fún fídíò pọ̀ kí ó lè fúyẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dé bí ó ti wà, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì. Ó lè gbà tó gígábáìtì 2.

Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ nìyí: wọn a gba fídíò tí WhatsApp ti fún pọ̀, wọn a sì gbé e sórí YouTube, tí yóò tún fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí ó bá sọnù nínú àwòrán kì í padà mọ́. Ọwọ́ ẹni tí ó yà á ni kí ẹ ti gba ojúlówó, kí ẹ sì pa á mọ́ sí ibi méjì. Ọmọ tí a sọ lórúkọ lónìí yóò fẹ́ rí ojú àwọn tí ó gbé e jó lọ́jọ́ náà.